Òkè Lọwọ́ Afúnni Ń Gbé: Ìbéèrè Sylvia Tamale Lórí Ìjókòó Àwọn Obìnrin Nílé Aṣòfin

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin Nàìjíríà dìbò lórí àbádòfin kan tó fẹ́ fi ìjókòó 111 kún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, tí obìnrin nìkan yóò sì máa du: 37 ní Sẹ́nétì, 74 ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ní Sẹ́nétì, 30 gbà, 58 kọ̀. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 81 gbà, 208 kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ti pé jọ sí ẹnu ọ̀nà Ilé náà ní Abuja, wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, Ilé Aṣojú-ṣòfin gbà láti tún mẹ́ta wò nínú àwọn àbádòfin àwọn obìnrin tí wọ́n ti dà nù. Èyí tó ń béèrè fún ìjókòó kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Síbẹ̀, orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ni wọ́n ń fá lójoojúmọ́ nínú gbọ̀ngàn tí olórí kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Nǹkan bí ìdajì ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni obìnrin. Ní 2019, obìnrin méje ni ìdìbò gbé wọ Sẹ́nétì nínú sẹ́nétọ̀ 109. Ní 2023, mẹ́ta péré ni: Ireti Kingibe láti Abuja, Idiat Adebule láti Èkó, àti Ipalibo Banigo láti Rivers. Ilé ẹjọ́ ló sọ wọ́n di mẹ́rin nígbà tó dá Natasha Akpoti-Uduaghan ti Kogi láre. Nígbà tí Sẹ́nétì sì dá òun náà dúró fún oṣù mẹ́fà ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹjọ́ yòówù kí ènìyàn dá láàárín òun àti àwọn aṣáájú Sẹ́nétì, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì tán. Àbádòfin mìíràn ti dé iwájú Ilé Kẹwàá, Igbákejì Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin, Benjamin Kalu, ló sì wà nídìí rẹ̀: ìjókòó 37 ní Sẹ́nétì, 37 ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, àti mẹ́ta mẹ́ta ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 108. Iye ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí. Ṣé 37 pọ̀ jù? Ṣé kò kéré? Èló ni yóò ná ìjọba? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó wúwo ju iye lọ, tí kì í sábà dún nínú àríyànjiyàn yìí: ta ni yóò gbé àwọn obìnrin náà dé orí ìjókòó, ta ni wọn yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá débẹ̀? Ó ti lé ní ọdún 25 tí ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ti béèrè rẹ̀ ní Kampala.

Sylvia Tamale jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Makerere, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn obìnrin nínú ìṣèlú ilé aṣòfin Uganda, *When Hens Begin to Crow*, jáde ní 1999. Orúkọ ìwé náà ti inú ìgbàgbọ́ àwọn àgbà wá: àkùkọ ló ń kọ, bí àgbébọ̀ bá kọ, àmì ibi ni. Ẹni tó dàgbà nílé Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ kankan láti gbọ́ ìyẹn. Àgbébọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó yé ẹyin, kí ó kó ọmọ jẹ̀. Kíkéde pé ilẹ̀ ti mọ́, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Tamale bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, ó ṣàyẹ̀wò bí Ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí àgbébọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Kí ìbéèrè rẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí àwọn obìnrin Uganda ṣe dé Ilé Aṣòfin. Ní 1986 ni ẹgbẹ́ NRM ti Yoweri Museveni gba ìjọba. Ní 1989, ìjọba náà ya ìjókòó obìnrin kan sọ́tọ̀ fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìgbà náà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 1995 wá sọ ọ́ di òfin. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdìbò 1996, ìjókòó 39 ló jẹ́ ti àwọn obìnrin láti àgbègbè 39.

Tamale kò fi ìlànà yìí ṣe ẹlẹ́yà. Ó jẹ́rìí sí i pé ó ṣí ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò rò pé yóò ṣí. Ní 1994, Specioza Wandira Kazibwe di igbákejì ààrẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Rebecca Kadaga, tó gba ìjókòó obìnrin àgbègbè Kamuli wọlé ní 1989, padà di Abẹnugan Ilé ní 2011, ó sì jókòó sórí àga náà fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé òfin 1995, àwọn obìnrin tó wà nínú àpéjọ náà kóra jọ láìka ẹgbẹ́ sí, ìpàdé wọn sì so èso nínú àwọn abala tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ obìnrin. Láìsí iye, ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tamale kò dúró síbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó tọ́ka sí ni pé òkè ni ìlànà náà ti wá. Ìjọba ló rò ó, ìjọba ló ṣe é, ìjọba ló sì ń rán àwọn obìnrin létí ẹni tó ṣe é. Òkè lọwọ́ afúnni ń gbé. Ti ẹni tí a fún a sì máa wà nísàlẹ̀. Nígbà náà, gbogbo olùdìbò àgbègbè kọ́ ló ń yan obìnrin aṣojú yìí. Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ló ń yàn án, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Obìnrin tó bá fẹ́ wọlé kò ní láti yí ìyá onígbá lójú pópó lọ́kàn padà. Àwọn olóyè ìṣèlú díẹ̀ ló ní láti tẹ́ lọ́rùn. Ó di ọdún 2006 kí gbogbo olùdìbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò fún ìjókòó náà.

Ohun kejì ni pé kò sí ẹni tó lè sọ ní pàtó ẹni tí obìnrin náà ń ṣojú fún. Ìwé òfin pè é ní obìnrin aṣojú àgbègbè. Ṣé aṣojú àwọn obìnrin àgbègbè ni, àbí aṣojú àgbègbè tó kàn jẹ́ obìnrin? Ọ̀rọ̀ náà "aṣojú" fúnra rẹ̀ kọ́ Yorùbá lẹ́kọ̀ọ́ kan níhìn-ín. Aṣojú ni ẹni tó ń ṣe ojú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé kí ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó rán an nìkan, ó gbọ́dọ̀ máa fi ojú náà ríran fún un pẹ̀lú. Ilé tó kún fún obìnrin tí kò ríran fún obìnrin, fọ́tò lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tí kò ní obìnrin rárá, tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ ń búra pé àwọn ń ríran fún gbogbo ènìyàn, ojú kan ló fi ń wòran.

Ohun kẹta ni ìwà inú Ilé náà. Tamale kọ nípa ẹ̀fẹ̀ tó ń gún ni lára, nípa ìfìyàjẹni tí ọkùnrin ń fi ìbálòpọ̀ ṣe, àti nípa bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa ara obìnrin aṣòfin nígbà tó yẹ kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóhùn. Ìjókòó nìkan kò mú ìyẹn kúrò. Ó kàn gbé obìnrin dé ibi tí yóò ti máa bá a jà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí gbogbo èyí ń dá sílẹ̀, kí ó wo òfin ilẹ̀ Uganda ti 1998. Àwọn obìnrin aṣòfin, pẹ̀lú Miria Matembe níwájú, jà fún gbólóhùn kan tí yóò sọ ilẹ̀ tí tọkọtaya ń gbé, tí wọ́n sì ń jẹun nínú rẹ̀, di ti àwọn méjèèjì. Wọ́n jiyàn lé e lórí nínú Ilé, àwọn obìnrin náà sì lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kọjá. Nígbà tí wọ́n tẹ òfin náà jáde, gbólóhùn náà kò sí nínú rẹ̀. Ìjókòó 39 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò lè dá a padà. Ní Uganda, bíi ti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, obìnrin ló ń ro oko, orúkọ ọkọ ló wà lórí ilẹ̀. Bí ọkọ bá kú tàbí bó bá lé e jáde, oko di ti àwọn ẹlòmíràn. Ohun tó sọnù lọ́jọ́ náà ju ìlà kan lórí ìwé lọ. Ní 2003, lẹ́yìn tí Matembe ta ko èrò láti mú òdiwọ̀n sáà ààrẹ kúrò, ó pàdánù ipò mínísítà rẹ̀. Ẹni tó fúnni tún ti gbà á.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù láti Uganda. Àgbègbè 39 ọjọ́sí ti di púpọ̀: nígbà tí wọ́n ṣe ìdìbò 2021, ìjókòó obìnrin ti di 146. Bí ìjọba bá ti dá àgbègbè tuntun sílẹ̀, ìjókòó tuntun ti wà láti pín. Bí ó sì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó gbogboogbò ń di ti ọkùnrin. Obìnrin tó bá jáde láti du irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ìdáhùn kan náà: "Ẹ̀yin ti ní tiyín, kí lẹ tún ń wá níhìn-ín?" Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe kí obìnrin lè gùn ún wọlé wá di yàrá tí wọ́n tì í mọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Ìwé òfin Rwanda ti 2003 ya ìjókòó 24 nínú 80 sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ní 2024, obìnrin 51 ló wọ ilé aṣojú náà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lágbàáyé, ṣùgbọ́n iye náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá Ilé náà lè sọ fún ààrẹ pé rárá. Senegal ṣe òfin ní 2010 pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa to orúkọ ọkùnrin àti obìnrin tẹ̀lé ara wọn lórí ìwé ìdìbò. Ní ìdìbò 2012, obìnrin ju 40 lọ nínú 100 aṣòfin wọn. Nàìjíríà kò lè da ìyẹn kọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń du ẹkùn ìdìbò níhìn-ín, kì í ṣe orúkọ tí ẹgbẹ́ tò.

Ìtàn Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà méjèèjì hàn, ọ̀nà ẹ̀bùn àti ọ̀nà ìjà. Wúràọlá Ẹ̀ṣan ti Ìbàdàn, tó dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lẹ̀tẹ̀, ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú Sẹ́nétì, ní 1960. Ìdìbò kọ́ ló gbé e débẹ̀, nítorí àwọn ìjọba ẹkùn ló ń yan sẹ́nétọ̀ nígbà náà. Ó di 1983 kí ìdìbò tó gbé obìnrin kan, Franca Afegbua ti Bendel, wọ Sẹ́nétì. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kò dúró de ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá owó orí obìnrin jà títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan náà fẹ́ du ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1959, ẹgbẹ́ NCNC kò fún un ní àsíá. Ó dá dúró, kò sì wọlé. Ẹni tó lè kó àwọn obìnrin ìlú kan jọ títí ọba fi ṣí nídìí, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ló dá a dúró.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí di òní. Ṣáájú ìdìbò 2023, àwọn ẹgbẹ́ ńlá dín owó fọ́ọ̀mù kù fún àwọn obìnrin, wọ́n sì fi ṣe àfihàn. Àbájáde rẹ̀ ni pé sẹ́nétọ̀ obìnrin di mẹ́ta láti orí méje. Owó fọ́ọ̀mù kọ́ ni olórí ìṣòro. Bàbá ìsàlẹ̀ ló ń mú orúkọ wá, ìpàdé òru ló ń fi ọwọ́ sí i, obìnrin tó bá sì yarí ni wọn yóò bẹ̀ pé kí ó fi sílẹ̀ fún àlàáfíà ẹgbẹ́, pé ipò kan ń bọ̀ wá bá a lọ́la.

Àwọn tó ta ko àbádòfin yìí ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu. Wọ́n ní aṣòfin 469 ti pọ̀ jù fún àpò orílẹ̀-èdè, ẹ má tún fi kún un. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà fún ẹni tó bá sọ ọ́ tọkàntọkàn. Láti 1993 ni India ti ya ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó ìgbìmọ̀ abúlé sọ́tọ̀ fún obìnrin láìfi ìjókòó kankan kún un. Wọ́n ń yí i ká láti ẹkùn kan dé òmíràn ni. Aṣòfin tó ń sunkún owó lè dábàá irú rẹ̀. Títí di báyìí, àwọn tó ń sunkún náà kò tí ì sọ pé kí ẹkùn tiwọn jẹ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n tún ní kí obìnrin jáde láti du ipò bí ọkùnrin, kò sẹ́ni tó dí wọn lọ́nà. Ìtàn 1959 ti dáhùn ìyẹn. Wọ́n ní àwọn obìnrin gan-an kì í dìbò fún obìnrin. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ obìnrin hàn wọ́n lórí ìwé ìdìbò, nítorí ní ọ̀pọ̀ ẹkùn, kò sí orúkọ obìnrin kankan lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ tó lè wọlé.

Àbádòfin náà yẹ fún ìtẹ̀wọ́gbà. Ṣùgbọ́n bí Nàìjíríà yóò bá gbà á, kò gbọdọ̀ gbà á bí Uganda ti kọ́kọ́ gbà á. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ kedere. Èkíní, gbogbo olùdìbò ẹkùn náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni kí ó máa yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, ní ọjọ́ ìdìbò kan náà, kí ìjókòó náà má bàa di ti àwọn gómìnà. Èkejì, ìdìbò abẹ́lé fún ìjókòó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdìbò lóòótọ́. Òfin Ìdìbò ti 2022 gba ọ̀nà mẹ́ta láyè, ọ̀kan nínú wọn sì ni kí àwọn olùdíje fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan. Níbi tí bàbá ìsàlẹ̀ wà, ìfohùnṣọ̀kan kì í pẹ́ di àṣẹ. Bí wọ́n bá gba ọ̀nà yìí láyè fún ìjókòó àwọn obìnrin, ìyàwó, ọmọ àti ìbátan àwọn alágbára ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó ní òpin. Àbádòfin 2022 ti ní i lọ́kàn pé kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn ìdìbò gbogboogbò mẹ́rin. Kí èyí tuntun má ṣe kéré sí ìyẹn. Kí ó sì fi kún un pé obìnrin tó bá ti lo sáà méjì lórí ìjókòó àkànṣe yóò fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí òun lọ du ìjókòó gbogboogbò pẹ̀lú orúkọ tó ti ní. Báyìí ni àtẹ̀gùn kò fi ní di yàrá títì.

Láti yí ìwé òfin padà ní irú ọ̀rọ̀ yìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ní Sẹ́nétì àti ní Ilé Aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán sì fọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin kò pọ̀ tó láti dá a ṣe nínú èyíkéyìí nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Lọ́wọ́ ọkùnrin ni ìlẹ̀kùn náà wà. Ìdí gan-an nìyẹn tí ìkìlọ̀ Tamale fi ṣe pàtàkì. Nítorí pé ọkùnrin ni yóò ṣí i, ìdánwò yóò wà láti pè é ní ẹ̀bùn, láti béèrè ọpẹ́, láti retí ìbò nígbà tí ọjọ́ ìbò bá dé. Ẹ̀bùn kọ́ ni. Obìnrin ń san owó orí, ó ń tẹ̀ lé òfin, ó ń tò lórí ìlà lábẹ́ oòrùn lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹni tí wọ́n bá dá ohun tirẹ̀ padà fún lè sọ pé ó ṣeun, ṣùgbọ́n kò jẹ gbèsè.

Ilẹ̀ máa ń mọ́, àkùkọ ì báà kọ, àgbébọ̀ ì báà kọ. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin bi ara wọn léèrè nígbà tí ìdìbò bá tún dé ni bóyá ilé tí ìdajì àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pariwo lè tètè mọ̀ nígbà tí iná bá ń jó òrùlé.